Atòwin Kò Ráyè Ṣeré

Bí ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀, ẹ bi í léèrè ọjọ́ eré. Ẹ má bi í pé ṣé ó fẹ́ràn eré náà, nítorí ìyàwó rẹ̀ gan-an ń jowú eré yẹn. Ẹ má bi í pé ṣé ó ní irinṣẹ́, nítorí kò sí èyí tí kò rà. Ọjọ́ eré ni kí ẹ bi í. Á fọwọ́ kan gíláàsì ojú rẹ̀, á wo ilẹ̀, á sì sọ ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́dún tó kọjá àti lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀: "Ó kù díẹ̀. Mo ṣì ń to àwọn abàmì mi."

Atòwin ni mo sọ ọ́. Ó lè jẹ́ òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Leeds, ó lè jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Peckham, ó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Texas. Àwọ̀ wọn yàtọ̀, oúnjẹ wọn yàtọ̀, àmọ́ àwáwí kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn, bí ẹni pé ilé kan náà ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Fún ẹni tí kò bá tíì jókòó sídìí eré yìí rí, Dungeons & Dragons ni wọ́n ń pè é. Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974: ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta nínú páálí kan, ẹgbẹ̀rún kan péré ni wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀. Èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún á yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn, tí à ń pè ní DM, ni yóò máa pa ìtàn: ẹ ti dé ẹnu ihò kan, òórùn ẹran jíjẹrà ń jáde, nǹkan kan ń mí nínú òkùnkùn. Àwọn yòókù á sọ ohun tí akọni tiwọn fẹ́ ṣe, dáìsì olójú ogún á sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Ìdajì eré náà àlọ́ ni, ìdajì yòókù ayò ni. Ẹnu, etí, pẹ́ńsù, bébà àti dáìsì ti tó o.

Àwọn abàmì ni ọ̀tá inú eré náà. Lọ́dún 1977 ni Gygax kó wọn jọ sínú ìwé kan tó pè ní Monster Manual, ojú-ewé 112, abàmì tó lé ní 350. A ló ṣáájú, Z ló kẹ́yìn, ó parí. Gygax kì í sì í ṣe ẹni tó ń kúnlẹ̀ fún iwin. Owlbear tó jẹ́ ìdajì òwìwí ìdajì béárì, àti rust monster tó ń jẹ irin, ara ọmọlangidi oníke olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣe ní Hong Kong ni wọ́n ti wá. Ó rà wọ́n, ó gbé wọn sórí tábìlì, ó ní kí wọ́n máa lépa àwọn ọ̀rẹ́ òun. Bí wọ́n ṣe ń bí abàmì nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ wá ilé fún wọn.

Kọ̀ǹpútà wá dé, àwọn ètò tí wọ́n fi ń ṣeré náà sì tẹ̀ lé e. Roll20 jáde lọ́dún 2012, D&D Beyond lọ́dún 2017, Foundry lọ́dún 2020. Àǹfààní wọn kò kéré, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ọ̀rẹ́ tó wà ní Toronto á bá èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ṣeré lálẹ́ kan náà. A tẹ orúkọ abàmì, àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣí. Kọ̀ǹpútà ju dáìsì, ó sì bá wa yọ ẹ̀mí tó sọnù kúrò. Àwọn mìíràn ń lo Obsidian, èyí tí wọ́n ṣe fún kíkọ nǹkan sílẹ̀ lásán, tí àwọn aláṣejù sì ti sọ di ilé ẹ̀kọ́ gíga fún iwin. Gbogbo rẹ̀ ì bá dára. Àmọ́ àwọn tó ṣe ètò wọ̀nyí fi bọ́tìnì kékeré kan síbẹ̀, bọ́tìnì tí wọ́n fi ń dá fódà tuntun sílẹ̀. Atòwin rí i.

Ẹ jẹ́ ká mú goblin nìkan, nítorí goblin ló tú àṣírí rẹ̀. Goblin wà lára àwọn abàmì tí akọni máa ń kọ́kọ́ pàdé. Nínú Monster Manual ọdún 2014, ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ 7, ààbò rẹ̀ jẹ́ 15, ìwọ̀n agbára rẹ̀ tí à ń pè ní CR jẹ́ 1/4. Ó kúrú, ó ń jalè, ó ń sá. Idà kan tó bá bà á dáadáa, ó ti kú. DM tó mọṣẹ́ lè kọ gbogbo ohun tó nílò nípa rẹ̀ sẹ́yìn rìsíìtì, kó tún ráyè kọ ohun tí yóò rà lọ́jà sí abẹ́ rẹ̀.

Atòwin kọ́kọ́ fi í sínú fódà ẹ̀yà. Ẹ̀yà 14 ni ìwé pín àwọn abàmì sí, ó dá fódà 14, ó gbé goblin sí humanoid, ìyẹn àwọn tó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì bí èèyàn. Ó dára. Nígbà tó yá, ó rò ó pé láàárín eré, èèyàn kì í wá ẹ̀yà, agbára ló ń wá. Ó tú gbogbo rẹ̀ ká. Ó dá fódà sílẹ̀ láti CR 0 títí dé CR 30. Kọ̀ǹpútà kọ̀, kò gba kí wọ́n kọ 1/4 sí orúkọ fódà, ni 1/4 bá di 0.25. 0.25 kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí pé kò lẹ́wà. Ó fi ọjọ́ mélòó kan ronú lórí ẹwà rẹ̀. Nínú fódà CR 30, abàmì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Tarrasque, tí ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ 676. Ó kun fódà náà ní pupa, ó wá àmì agbárí sí i lórí. Kò sí akọni kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí Atòwin jẹ́ DM fún, tó tíì kúrò ní ìpele kejì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ibùgbé: igbó, ihò, aṣálẹ̀, abẹ́ omi. Goblin ń gbé nínú ihò, ó tún ń gbé nínú igbó, ó tún lè gbé lórí òkè. Èèyàn kan kò lè sùn nínú yàrá mẹ́ta. Ló bá fi fódà sílẹ̀, ó bọ́ sórí tágì, nítorí ohun kan lè ní tágì púpọ̀. Ó fún goblin ní tágì ihò, tágì igbó, tágì òru, tágì olè, tágì agbo, tágì afọ̀rọ̀-sọ̀rọ̀, tágì oníbọn-kò-sí. Ẹ̀yin náà ẹ bi mí pé kí ni oníbọn-kò-sí. Èmi náà bi í. Ó ní bí òun bá ń wá abàmì tí kò ní ìbọn lọ́jọ́ kan, òun á kàn tẹ̀ ẹ́ ni. Ìbọn kò sí nínú eré tí ó ń múra rẹ̀ yìí rárá.

Orúkọ ló wá kàn. Nínú ìwé ọdún 2014, ojú kan ni gbogbo drágónì wà, lábẹ́ D. Nínú kọ̀ǹpútà, Adult Red Dragon bọ́ sábẹ́ A, Young Red Dragon sì wà lọ́hùn-ún lábẹ́ Y. Bàbá àti ọmọ kò gbé àdúgbò kan náà mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí Atòwin sùn. Ó jókòó lóru, ó ń yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan: Dragon, Red, Adult. Dragon, Red, Young. Dragon, Red, Ancient. Ó ṣe é fún drágónì dúdú, ó ṣe é fún funfun, ó ṣe é fún ti wúrà àti ti fàdákà. Ó wá rántí goblin. Goblin Boss di Goblin, Boss. Goblin tí kò wá jẹ́ ọ̀gá ńkọ́? Ṣé kó máa jẹ́ Goblin lásán, láìní kọ́mà, láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní kọ́mà? Ó sọ ọ́ di Goblin, Common. Ilẹ̀ mọ́ bá a níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, a ti wọṣọ, àwọn kan nínú wa ti sanwó fún ẹni tí yóò bá wọn tọ́jú ọmọ. Ó ṣí ìjà tó ti kọ sílẹ̀ tipẹ́, èyí tó yẹ kó pe goblin mẹ́rin jáde. Ojú-ewé náà ṣófo. Goblin kò sí mọ́. Goblin, Common ló wà, kọ̀ǹpútà kò sì mọ̀ pé ẹnì kan náà ni wọ́n. Ó ránṣẹ́ pé eré kò ní lè wáyé lálẹ́ yìí, nǹkan kan ti bàjẹ́. Nǹkan kan! Kọ́mà ni. Òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ fi í síbẹ̀.

Mo rò pé ìyẹn á kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Monster Manual tuntun wá jáde lọ́dún 2025, abàmì inú rẹ̀ lé ní 500, àwọn tó kọ ọ́ sì ṣe ohun tí mi ò tíì dárí rẹ̀ jì wọ́n títí di òní. Wọ́n yọ goblin kúrò lára humanoid, wọ́n sọ ọ́ di fey, ọmọ ìyá àwọn iwin. Wọ́n sọ kobold di drágónì. Wọ́n sọ gnoll di fiend, ará ọ̀run àpáàdì. DM gidi á kà á, á ní "hẹn-ẹn," á sì ṣí ojú-ewé mìíràn. Atòwin gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin. Ṣé kó pa goblin àtijọ́ rẹ́ ni, àbí kí méjèèjì jọ máa gbé? Bí wọ́n bá jọ ń gbé, kí ni kó máa pe àgbà, kí ni kó máa pe àbúrò? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá sínú ẹgbẹ́ WhatsApp wa, ó ní ká dìbò. Àwa tí a ti ń dúró láti ìgbà òjò láti pa goblin kan ṣoṣo, ló ní ká wá dìbò lórí ibi tí yóò máa sùn.

A ní ká jẹ èkuru kó tán, ó tún ń gbọn ọwọ́ èkuru sáwo.

Mo ti rí àwọn ìbátan rẹ̀ náà. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé àwòrán ni tirẹ̀: gbogbo abàmì gbọ́dọ̀ ní òrùka yípo orí, òrùka náà gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọ̀ kan náà. Òmíràn ń ra ìwé abàmì tuntun lóṣooṣù, kò sì tíì ṣí ti oṣù tó kọjá. Ìkẹta ń kọ ìran àwọn ọba ìlú kan tí akọni kankan kò ní dé láéláé. Wọ́n ń dunni, àmọ́ a lè fara dà á. Àwọn yẹn máa ń ṣeré nígbà mìíràn.

Àwáwí Atòwin ló ń pa mí. Kò sọ pé ó rẹ òun, kò sọ pé òun kò nífẹ̀ẹ́ sí i. Ó ní nítorí tiwa ni. Ó ní kí òun má baà máa fi àkókò wa ṣòfò lọ́jọ́ tí eré bá bẹ̀rẹ̀ ni. Ó máa ń fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀: ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ó ti da omi títí, ilẹ̀ ti di ẹrẹ̀, a kò rí ibi gbà kọjá mọ́. Aláta tó bá ń to ata rẹ̀ láàárọ̀, tí oníbàárà dé tó ní kó dúró, tí oòrùn wọ̀ tó ṣì ń gbé ata pupa kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata rodo, ọjà ò ní pẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ata ló ń tà. Fòní-dónìí fọ̀la-dọ́la ni, àmọ́ Atòwin ti wọṣọ iṣẹ́ fún un, ó sì ń retí kí á dúpẹ́.

Kì í ṣe ọ̀lẹ, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ọ̀lẹ ṣeé bá wí, ọ̀lẹ á tijú. Atòwin ń ṣiṣẹ́ ju gbogbo wa lọ. Ojú rẹ̀ pọ́n, ẹ̀yìn ń dùn ún, ó ń sùn ní aago mẹ́ta òru. Ta ló fẹ́ sọ fún ẹni tó ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ pé kò ṣe nǹkan kan? Èmi náà ti gbìyànjú láti sọ ọ́ tán, ojú ń tì mí.

Ojo ni. Ó yẹ kí ẹnì kan wí i. Nínú fódà, kò sẹ́ni tó ń já a níyàn. Goblin inú fódà kì í dáhùn, kì í sá lọ, kì í ṣe ohun tí wọn kò kọ sí i lára. Ní ìdí tábìlì, nǹkan á yàtọ̀. Ọ̀kan nínú wa á sọ pé òun kò jà, òun fẹ́ kí goblin yìí, òun fẹ́ bi í pé ọmọ ta ni. DM gbọ́dọ̀ la ẹnu níbẹ̀, lójú ẹsẹ̀, kó sọ orúkọ ìyá goblin, kó dá ohùn fún un, ohùn náà sì lè má dára, kí àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ohun tí Atòwin ń sá fún nìyẹn. Kò sí tágì fún ìyá goblin. Gbogbo ìtò yẹn, gbogbo kọ́mà yẹn, nítorí kí wọ́n má baà fi ohùn rẹ̀ rẹ́rìn-ín ni.

D. O. Fágúnwà kò bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* jáde lọ́dún 1938, ó kàn jẹ́ kí ọdẹ rẹ̀, Àkàrà-oògùn, wọ igbó ni, iwin Àgbákò sì yọ sí i, ìjàkadì bẹ̀rẹ̀. Ká ní Atòwin ló kọ ìwé náà ni, Àkàrà-oògùn ì bá ṣì wà ní etí igbó títí di òní, tí Atòwin ṣì ń ronú bóyá fiend ni Àgbákò tàbí aberration.

Ìwà ìkà tó burú jù tí Atòwin ń hù kì í ṣe sí wa. Àgbà ni wá, a lè lọ sílé. Sí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan á wá bá a, ojú ọmọ náà á máa tàn, á ní "Bùrọ̀dá, mo fẹ́ di DM fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀?" Ìdáhùn tó yẹ kò ju ìlà kan lọ: pè wọ́n, kó goblin mẹ́rin sí ihò kan, bẹ̀rẹ̀. Atòwin á fà á jókòó. Á ní kó kọ́kọ́ gbé Obsidian sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Á fi irinṣẹ́ àfikún hàn án, ọ̀kan fún àkọsílẹ̀ abàmì, ọ̀kan fún ètò ẹni tó kàn nínú ìjà, ọ̀kan fún wíwá nǹkan. Á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ orí àkọsílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè kà á, kọ́lọ́ọ̀nù kan tó bá ṣìnà, gbogbo rẹ̀ á dáwọ́ dúró. Ọmọ náà á máa mi orí. Bó bá ṣe di ìgbà tí wọ́n dé orí àwọ̀ fódà, ojú ọmọ náà ti kú. Mo mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó ti padà sídìí bọ́ọ̀lù orí fóònù. Ó ní eré D&D le jù fún òun.

Lẹ́ẹ̀kan, eré wáyé. Mo wà níbẹ̀. A dé ẹnu ihò, ó ka òórùn ẹran jíjẹrà fún wa, inú wa dùn. Ọ̀kan nínú wa ju òkúta sínú ihò láti wò ó bóyá nǹkan wà níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé nǹkan kékeré ni? Goblin gbọ́dọ̀ jáde. Atòwin ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi níṣẹ́jú kan." A gbọ́ bó ṣe ń tẹ bọ́tìnì. Kò sí nínú ihò. Kò sí nínú igbó. Ó wà nínú 0.25, àmọ́ ti ọdún 2014 ni, kò sì fẹ́ ìyẹn. Ti 2025 ti lọ sọ́dọ̀ àwọn iwin, àwọn iwin sì wà nínú fódà tí ó ń tún tò lọ́wọ́, èyí tó fi pamọ́ kó má baà dí i lójú. Tíì tútù. Ẹnì kan lọ sí ilé ìtọ̀, ó padà wá. Ọ̀gbẹ́ni kan tó dákẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ wá fa ìwé àtijọ́ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já yọ nínú báàgì, ó ṣí i sí G, ó gbé e síwájú Atòwin láìsọ̀rọ̀.

Ó bínú. Ó ní bí ìwé ṣe ń ba ètò òun jẹ́ nìyẹn.

A ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí. Nọ́ọ̀sì kan nínú wa, tó ń ṣiṣẹ́ òru, ló ní ká máa wá sílé òun lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Kò fi nǹkan kan sórí kọ̀ǹpútà. Inú ìwé ẹ́sásáìsì tí ọmọ rẹ̀ ti fi ṣe ìṣirò tán ló ń kọ ọ́ sí, lẹ́yìn níbi tó ṣófo. Ohun tó kọ nípa goblin kò ju èyí lọ: "7, 15, ó ń bẹ̀rù ajá." A ti pàdé goblin mọ́kànlá báyìí, ọ̀kan nínú wọn ti di ẹrú wa, ó sì ń jà wá lólè.

A pe Atòwin náà, nítorí àánú, àti nítorí pé òun ló ni dáìsì tó dára jù. Ó wá. Ó jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí ìjà le, tí gbogbo ilé ń pariwo, mo rí i tó ń na ọrùn láti wo ìwé ẹ́sásáìsì yẹn. Kò lè mú un mọ́ra.

"Àǹtí, ẹ má bínú o," ó ní, "báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tí àwọn abàmì yín wà? Bí ẹ bá lè yá mi ní ìwé yẹn di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, màá bá yín tò ó."

"Goblin ti gbá ọ lẹ́sẹ̀ mú," ni Àǹtí wí. "Ìwọ ló kàn. Ju dáìsì."